Onínì Tí Kò Níhò

Àyìndé! Àyìndé ọmọ Ìwó Olódò Ọbà, ọmọ odídẹrẹ́ tí ń fọhùn bí ènìyàn. Bàbá Ìbejì, a-bí-méjì-lẹ́ẹ̀kan-má-fajúro. Oníṣẹ́ agogo tí í fọwọ́ kan wákàtí tó ti kú, tí wákàtí á dìde, á máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ọmọ a-kíni-kára-ó-yáni, ọmọ a-jẹ-kékeré-fún-aládùúgbò-ní-ńlá. Àyìndé tí kì í purọ́ fún ẹni tó ń rí i, tí kì í purọ́ fún ẹni tí kò rí i rí. Ọkọ mi fún ogójì ọdún ó lé mẹ́ta.

Gbólóhùn tí mo sọ nípa ẹni tí kò rí i rí yẹn, èmi ni mo fi kún oríkì náà. Wọn kò mọ irú rẹ̀ ní Ìwó. Johannesburg níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, nítorí náà bí ẹ bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti wọ́, ẹ bá mi nà án. Ṣùgbọ́n n kì í gbàgbé orúkọ. Àwọn tí n óò dárúkọ níhìn-ín, orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n kọ́ ni mo mọ̀, orúkọ tí wọ́n fi ń wọ inú íńtánẹ́ẹ̀tì ni: Kìnìún, Ẹ̀pà, Ìyá Tíkì. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń jẹ́ ẹ. Èmi ni mo yí i sí tiwa kí ẹnu mi lè gbà á.

Joubert Park ni à ń gbé nígbà náà, àjà kẹrin ilé kan tí lífìtì rẹ̀ ti kú kí àwa tó dé. Èmi ń ránṣọ, mo ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Bàbá Ìbejì ní tábìlì kékeré kan lábẹ́ agboòrùn ní ọ̀nà Park Station, níbi tí wọ́n ti ń tún agogo ọwọ́ ṣe. Nígbà tó di pé fóònù ń sọ aago fún gbogbo ayé, iṣẹ́ dín kù. Ọwọ́ tí títú nǹkan kékeré palẹ̀ sì ti mọ́ lára kò lè jókòó lásán. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun àtijọ́ jọ nìyẹn: ṣílè, ẹ̀pìnnì, tọ́rọ́, àti tíkì, èyí tí í ṣe tọ́rọ́ tí àwọn ará ibí ń ná láyé àtijọ́. Àbíkẹ́yìn wa obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé oògùn, ní kọ̀ǹpútà àgbéletan. Òun ló fi ibi ìpàdé kan hàn wọ́n lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn olólùfẹ́ ohun àtijọ́ ti ń rà, tí wọ́n ń tà, tí wọ́n ń fi ọ̀kan pààrọ̀ ọ̀kan, láìrí ojú ara wọn.

Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ń lé àlejò káàkiri ìlú, tí a kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá wa níta. Ọdún yẹn ni ọkọ mi yàn láti lọ bá ẹni tí kò mọ̀ rí ṣòwò.

Mo ní, "Láìrí ojú ara yín? Báwo lẹ ó ṣe mọ olè?"

"Ìyá Ìbejì, ọjà tí a ti ń rí ojú ara ẹni ńkọ́, ṣé olè ò sí níbẹ̀ ni?"

Mo padà sídìí ìránṣọ mi.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí Bàbá Ìbejì kọ síbẹ̀, ìkíni inú rẹ̀ nìkan kún ojú ìwé kan. Wọ́n kí ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé sí kú ojúmọ́, wọ́n kí i kú òtútù, wọ́n béèrè ìyàwó, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n ní kí Ọlọ́run Ọba gbé ọwọ́ rẹ̀ lékè. Nígbà tí ìwé kù díẹ̀ kó tán, wọ́n wá sọ pé àwọn fẹ́ ra ṣílè kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni náà kò fèsì. Wọ́n kọ sí ẹlòmíràn, wọ́n rò pé bóyá ìkíni ti àkọ́kọ́ ni kò tó, wọ́n bá fi ìyá rẹ̀ kún àwọn tí wọ́n kí. Ẹni yẹn fi ẹjọ́ wọn sùn.

Àbíkẹ́yìn wa ka lẹ́tà náà, ó fọwọ́ bojú. "Daddy, this is exactly how scammers write."

"Kí ni àwọn oníjìbìtì ń kọ?"

"They greet, Daddy. Wọ́n máa ń kí èèyàn gan-an. Then they pray for you."

Bàbá Ìbejì wo ọmọ náà bí ẹni ń wo agogo tó ń rìn sẹ́yìn. "Olè ló ń kíni, olóòótọ́ ni kì í kíni? Irú ìlú wo lẹ mú mi wá yìí?"

Láti ọjọ́ náà, wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹnu kí kọ̀ǹpútà, wọ́n á béèrè ilé àti ọ̀nà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá ní kí ọmọ tẹ ọ̀rọ̀ ọjà nìkan ránṣẹ́. Wọ́n ní ó kéré tán, ẹ̀rí ọkàn àwọn mọ̀ pé àwọn kí i.

Òfin ibẹ̀ kò pọ̀. Ìyá Tíkì ló ń ṣọ́ ọ, obìnrin kan tí a kò mọ̀ bóyá àgbà ni tàbí ọmọdé, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ le bí èépá ẹ̀kọ. Ẹni tuntun ló ń kọ́kọ́ fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Àgbà á dúró kó dé, kí òun tó fi tirẹ̀ náà ránṣẹ́. Ohun gbogbo tó bá wà nínú ẹrù, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé kan, ká fi ìwé náà sínú rẹ̀. Ẹni tó bá sì ṣe dáadáa, wọ́n á fi ìràwọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Odidi ọdún méjì ni Bàbá Ìbejì fi jẹ́ ẹni tuntun. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ti di àgbà, ọkọ mi ṣì jẹ́ ẹni tuntun, nítorí wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ni àwọn. Mo ní kí wọ́n pa á rẹ́.

"Bí mo bá pa á rẹ́," ni wọ́n wí, "tí wọ́n bá wá gbà mí gbọ́, ta ni wọ́n gbà gbọ́?"

Wọ́n ń fi ránṣẹ́ ṣáájú, wọ́n ń dúró. Bí ìràwọ̀ kan bá dé, wọ́n á ní kí n wá wò ó, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ hu eyín.

Ọdún bọ́ọ̀lù àgbáyé ti wọlé, wọ́n ti hú gbogbo títì ìlú kalẹ̀, nígbà tí Kìnìún kọ̀wé. Roodepoort ni Kìnìún ń gbé, òun sì ni àgbà gbogbo wọn níbẹ̀. Ìràwọ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé wọn kì í yà á mọ́, iye rẹ̀ ni wọ́n ń kọ. Ó ní agogo àpò kan tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń lò nígbà kan rí. Ọkọ mi tó ti tún agogo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣe kò ní irú rẹ̀ rí láyé wọn. Kìnìún ní òun á fi pààrọ̀ onínì kan tí Bàbá Ìbejì ya fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀. Bàbá Ìbejì ní àwọn gbà, pé onínì ń bọ̀ lọ́la, gẹ́gẹ́ bí ẹni tuntun.

Kìnìún dáhùn pé, "Rárá. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni n óò kọ́kọ́ fi ránṣẹ́."

Bàbá Ìbejì ka ọ̀rọ̀ náà, wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún kà á. Wọ́n pè mí. Wọ́n pe àbíkẹ́yìn wa. Wọ́n pe ará Gánà tó ń gbé iwájú wa, ẹni tí kò mọ ohun tí à ń sọ. Ó kàn bá wa yọ̀ ni.

Agogo dé. Ọ̀sẹ̀ tó dé gan-an ni àìsàn àyà tó ti ń yọ Bàbá Ìbejì lẹ́nu dá wọn dùbúlẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n má gun àtẹ̀gùn mọ́, àwa ará àjà kẹrin. Wọ́n wà lórí ibùsùn, agogo wà létí wọn bí fóònù, wọ́n ní: "Ìyá Ìbejì, ìwọ lo máa bá mi di ẹrù méjì o. Tọ́rọ́ mẹ́fà fún Ẹ̀pà ní Braamfontein, ó ti sanwó. Lẹ́yìn náà, onínì fún Kìnìún. Má jẹ́ kó pẹ́. Ẹni tó fọkàn tán mi kọ́ ni n óò jẹ́ kó dúró títí."

Mo di tọ́rọ́ mẹ́fà náà. Mo fi òwú bò ó, mo fi ìrépé aṣọ wé e, mo kọ ọ́ sínú ìwé: tọ́rọ́ mẹ́fà. Mo wá wò ó, ara mi kò gbà á. Ènìyàn ra mẹ́fà, kí n fún un ní mẹ́fà géérégé? Níbo la ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ìyá mi ta iyọ̀ ní Ìwó. Bí o bá ra iyọ̀ ẹ̀pìnnì, wọ́n á wọn iyọ̀ ẹ̀pìnnì fún ọ, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ìka mẹ́ta mú díẹ̀ sí i lé e lórí. Èènì nìyẹn. Ẹni tó tajà tí kò bu èènì, ó ń sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé kó má padà wá mọ́ ni. Mo wá wo ohun tí mo lè fi ṣe èènì fún Ẹ̀pà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé onínì fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Láyé òyìnbó, onínì ni owó tó kéré jù, mẹ́wàá rẹ̀ ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Ihò wà láàárín rẹ̀, okùn la máa ń kì bọ̀ ọ́ ká so ó pọ̀. Bàbá Ìbejì ní okùn onínì kan tó dán gbinrin. Mo sì rí agolo kékeré kan, onínì kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀ tí ẹ̀rọ gbàgbé láti lu ihò sí. Kò ṣe é so mọ́ nǹkan kan. Mo ní, wọ́n mà yọ èyí tó bàjẹ́ sọ́tọ̀. Èyí tó dáa, tó wà lára okùn, mo fi sílẹ̀ fún Kìnìún tó ṣe wá lóore. Èyí tó bàjẹ́, mo fi sínú ẹrù Ẹ̀pà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo lọ fi ránṣẹ́, inú mi dùn. Mo rò pé mo ti tún ayé ṣe.

Nígbà tí mo dé, Bàbá Ìbejì ní, "Gbé onínì wá kí n wò ó kẹ́yìn."

Mo já ọ̀kan tó dán jù lára okùn.

"Eléyìí kọ́. Èyí tí kò níhò."

"Èyí tí kò níhò?"

"Inú agolo."

"Inú agolo..."

"Ìyá Ìbejì, kí ló dé tí o ń tún ọ̀rọ̀ mi sọ bí odídẹrẹ́?"

"Mo ti fi ṣe èènì."

Wọ́n gbé agogo àpò kúrò létí.

"O fi ṣe kí ni?"

"Èènì. Fún Ẹ̀pà. Mo rò pé ó bàjẹ́ ni."

"Ó bàjẹ́ lóòótọ́! Nítorí pé ó bàjẹ́ ni Kìnìún ṣe fẹ́ ẹ!"

Títí di òní, ìyẹn kò yé mi. Bí mo bá rán ṣòkòtò tí mo gbàgbé láti lu ojú bọ́tìnnì sí i, ta ló máa fi kún owó mi?

Mo rò pé wọ́n á bínú. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ di omi tí mo sáré bù wá. Nígbà tí èémí wọn balẹ̀, ojú wọn ti yí padà. "Agogo ọkùnrin yẹn wà lọ́wọ́ mi," ni wọ́n wí. "Ohun tó ni lọ́wọ́ mi kò sí. Kí ni wọ́n ń pe ẹni bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ gbà á padà lọ́wọ́ Ẹ̀pà."

"Ó tì o. Èènì kì í padà. Ṣé ìyá rẹ sáré tẹ̀ lé ènìyàn délé rí láti lọ gba iyọ̀ ìka mẹ́ta?"

"Rárá."

"Ó dáa náà."

Wọ́n ní kí àbíkẹ́yìn wa kọ òtítọ́ síbẹ̀, kí gbogbo wọn kà á. Nígbà tí ọmọ dé ibi èènì, ó dúró. "Daddy, there's no English for èènì." Wọ́n ní kó kọ ọ́ bó ṣe wà.

Háà! Ariwo sọ. Ọ̀kan ní ọgbọ́n jìbìtì tuntun nìyẹn, pé òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ó sì dára. Ọ̀kan ní kò sí ìyàwó kankan níbẹ̀, pé gbogbo ọkọ ló ń di ẹ̀bi ru ìyàwó. Èmi nìyí tí mo jókòó lórí ibùsùn, tí wọ́n ń kà á sí mi létí pé n kò sí! Ẹlòmíràn ní tí ènìyàn bá fi ohun tí kò sí nínú ìwé sínú ẹrù òun, tó bá wá di ọ̀la tó ní òun jí i ńkọ́? Ìyá Tíkì ní ohun tí kò sí nínú ìwé, kò sí nínú ẹrù. Ó fún wa ní ọjọ́ méje. Bí onínì kò bá dé ọwọ́ Kìnìún, wọ́n á kọ orúkọ Àyìndé Agogo, tí ọkọ mi ń jẹ́ níbẹ̀, sí pátákó àwọn oníjìbìtì, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé á ti kọ́kọ́ rí i. Kìnìún kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Mo ń dúró." Ẹ̀pà kò sọ nǹkan kan.

Bàbá Ìbejì fi aṣọ wé agogo náà, wọ́n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kì í ṣe tàwọn. Oúnjẹ kò wọlé mọ́. Ní àràárọ̀ wọ́n á béèrè pé, "Ẹ̀pà ńkọ́?" Ọmọ á ní, "Nothing, Daddy." Mo mọ̀ pé àìsàn yẹn kò ní í lọ, dókítà ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọdún méjì tí wọ́n fi ń rọra tò ó, ìràwọ̀ lórí ìràwọ̀, kí wọ́n tó lè jẹ́ ẹni tí àlejò fọkàn tán, ọwọ́ èmi ló fẹ́ dà á nù, àti pé wọ́n lè kú pẹ̀lú orúkọ wọn lórí pátákó.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo wé gèlè. Mo ní mo ń lọ ra bọ́tìnnì. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Joubert Park dé Braamfontein, mo ń béèrè ọ̀nà, ìwé tí mo kọ àdírẹ́sì sí wà lọ́wọ́ mi. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ níbẹ̀.

Ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún fọ́fọ́ ni. Wọ́n ní ọkùnrin tí mo ń wá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé yunifásítì, àjà kejì ilé náà ló ń gbé. Mo kan ilẹ̀kùn. Òyìnbó tín-ínrín kan ṣí i, géètì onírin wà láàárín èmi àti òun.

Mo fi ìwọ̀nba òyìnbó tí mo gbọ́ sọ pé, "Ẹ kú ọ̀sán o, sà. Ẹ kú òtútù. Ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, Ọlọ́run á..." Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń yí padà, mo rántí, mo gé àdúrà náà sí méjì. "Ìyàwó Àyìndé Agogo ni mí."

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ díẹ̀, ó tún ṣí i bí ìka kan. "Mi ò fọwọ́ kàn án!"

"Kí ni?"

"Onínì yẹn! Mo ya fọ́tò rẹ̀. Mo ya fọ́tò ẹrù náà kí n tó tú u. Ohun méje ló wà níbẹ̀, mẹ́fà lẹ kọ!"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ni pé ìgbà tí Ẹ̀pà ka tọ́rọ́ mẹ́fà tó bá ohun keje, ó rò pé a fẹ́ dẹ pàkúté fún òun ni. Nígbà tó wá ka ariwo tí wọ́n ń pa, ẹ̀rù náà di méjì. Ó fi ọ̀rá wé onínì, ó tún fi ọ̀rá mìíràn wé e, ó gbé e sínú fíríìjì.

"Kí ló dé tó fi jẹ́ fíríìjì?"

"Olè kì í wo fíríìjì."

Èmi tí mò ń bẹ̀rù rẹ̀ láti ọjọ́ márùn-ún wá, òun náà ń bẹ̀rù mi.

"Ẹ gbà á, màdáámù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ."

"N kò lè gbà á. Tiyín ni."

"Kì í ṣe tèmi! Kò sí nínú ìwé!"

"Èènì ni."

"Mi ò mọ èènì!"

"Bí ẹ ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, òun ti mọ ilé yín."

Ó di orí mú. Ó ní kí òun kúkú fi ránṣẹ́ sí Kìnìún fúnra òun. Mo ní bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló san ohun tí ọkọ mi ṣèlérí, ọkọ mi kò sì rán an níṣẹ́. Mo rí i pé omi fẹ́ẹ́ bọ́ lójú ọkùnrin náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá ti ń dúró wò wá, arúgbó obìnrin tó wé gèlè àti òyìnbó tó wà lẹ́yìn irin, tí ẹnì kan ń sọ pé "Tiyín ni," tí ẹnì kejì ń sọ pé "Tiyín ni."

Ibẹ̀ ni ojú mi ti lọ sórí tábìlì rẹ̀. Mo rí àwo pẹrẹsẹ kan tó kún fún bọ́tìnnì idẹ, irú èyí tó máa ń wà lára aṣọ àwọn ṣọ́jà àtijọ́.

"Èlò ni bọ́tìnnì yẹn?"

"Kí lẹ wí?"

"Bọ́tìnnì. Ẹyọ kan. Ṣé ẹ ń tà á?"

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. "Rándì márùn-ún."

N kò tilẹ̀ ná an. Mo na rándì márùn-ún sí i láàárín irin, ó na bọ́tìnnì sí mi. Mo dúró.

"Ó tán, àbí?" ni ó wí.

"Kò tán. Èènì mi ńkọ́?"

"Màdáámù..."

"Ohun tí ẹ máa fi lé e lórí ni, tí kò sí nínú ìwé, kí n lè tún padà wá rajà lọ́wọ́ yín."

Ó ronú, ó lọ mú bọ́tìnnì kan sí i wá.

Mo ní, "Ó kéré."

"Ó kéré?"

"Ó kéré. Oníbàárà tuntun ni mí."

Ó wọlé lọ, ó gbé bisikíìtì méjì jáde. Mo dúpẹ́, mo gbà á, ebi kúkú ń pa mí. Mo jẹ ọ̀kan tán, mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ó ṣì kéré."

Ọkùnrin náà dúró, ó wo ilẹ̀. Ó wo bọ́tìnnì tó wà lọ́wọ́ mi. Mo rí i tí ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Eish," ó sì wọlé. Mo gbọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn fíríìjì ṣí. Nígbà tó padà dé, ó ṣí géètì onírin yẹn pátápátá, ó fi nǹkan tútù nini kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Ṣé eléyìí tó?"

"Ó tó, sà. Ọlọ́run á bù sí tiyín." Mo wá parí àdúrà tí mo gé lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró gbọ́ ọ títí dé àmín.

Nígbà tí mo gun àtẹ̀gùn dé òkè, Bàbá Ìbejì ní, "Bọ́tìnnì wo lo lọ rà tó pẹ́ tó báyìí?"

"Bọ́tìnnì idẹ. Rándì márùn-ún."

"Rándì márùn-ún fún ẹyọ kan? Wọ́n ti yàn ọ́ jẹ! Kí ni wọ́n fi ṣe èènì?"

Mo la ọwọ́.

Wọ́n wo onínì, wọ́n wò mí. "Lọ́wọ́ ta lo ti rà á?"

"Lọ́wọ́ Ẹ̀pà."

"O ò sọ fún un pé kó dá a padà?"

"N kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá. Mo kàn sọ pé ó kéré ni."

"Ìgbà mélòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo jẹ bisikíìtì kan níbẹ̀. Tiyín rèé."

Wọ́n mú bisikíìtì náà, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Nǹkan àkọ́kọ́ tó wọ ẹnu wọn lọ́jọ́ náà nìyẹn. "Ìyá Ìbejì," ni wọ́n wí, "lọ́yà tó máa ko ọ́ lójú kò tíì débí."

Àbíkẹ́yìn wa kò fẹ́ kí á tún fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́. Ó wọ taxi lọ sí Roodepoort fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ kẹfà. Ó ní Kìnìún kò ga ju àpótí aṣọ lọ, pé bàbá arúgbó kékeré kan ni, ajá rẹ̀ ló ń bá a bú ramúramù. Bàbá Ìbejì ti ní kí ọmọ mú onínì oníhò kan kún un. Ní ìrọ̀lẹ́, Kìnìún kọ ọ́ síbẹ̀, kí gbogbo wọn rí i: "Ohun méjì ni mo gbà. Ọ̀kan wà nínú ìwé, ọ̀kan kò sí. Mo gba méjèèjì tayọ̀tayọ̀." Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Tíkì ṣe òfin tuntun. Ó ní láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ bu èènì lè bù ú, bó bá ti lè kọ ọ́ sínú ìwé.

"Èènì tí a kọ sínú ìwé!" Bàbá Ìbejì ní kí ọmọ tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ní kó kà á, ará Gánà sì tún wá bá wa rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tú agogo kúrò nínú aṣọ, wọ́n gbé e sétí. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi gbọ́ ọ.

Òwúrọ̀ Jímọ̀ ni wọ́n lọ, mo ń bọ̀ láti ibi tí mo ti lọ ṣe àlùwàlá. Lẹ́yìn tí a ti pe àwọn ará mọ́ṣáláṣí, mo sọ fún àbíkẹ́yìn wa pé kó sọ fún àwọn ará orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà. Ó wò mí. Ó ní, "Mummy, they may not believe us." Ó ní àwọn ènìyàn máa ń kú gan-an níbẹ̀. Tí oníjìbìtì bá ti gba ohun olóhun, tí wọ́n bá ń wá a kiri, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á kọ̀wé pé ó ti kú. Nígbà tó bá di oṣù kejì, òkú á fi orúkọ mìíràn padà wá.

Mo ní kó kọ ọ́, kí wọ́n gbà á bó ṣe wù wọ́n.

Ó kọ ọ́. Ìyá Tíkì kò kí wa kú àṣẹ̀yìndè. Ó ní ká dúró. Wákàtí kan kọjá. Nígbà tó padà, ó ní òun ti wo gbogbo ìwé ọdún méjì, ẹrù kọ̀ọ̀kan, ìlérí kọ̀ọ̀kan, pé Àyìndé Agogo kò ní ohun ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Nítorí náà, òótọ́ ni. Ó ti kú."

Mo bú sẹ́rìn-ín, ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín, a dì mọ́ra, kò pẹ́ tí ẹkún fi gbà á.

Kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀rí níbẹ̀. A sin wọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ náà, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ní itẹ́ àwọn Mùsùlùmí.